Ìkarahun Inú Òkúta

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù máa ń gbé mi padà sí kòtò òkúta ẹfun tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù. Bí àkùkọ bá kọ nísàlẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán la ń gbọ́ ọ lókè. Ẹ má jiyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a sin àbúrò mi jòjòló, bàbá nàka sí ògiri kòtò náà, ipele ipele, pupa lórí funfun.

“Ìkún-omi Nóà ló tò ó. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ló pa.”

Mo yọ ìkarahun ìgbín kékeré kan lára òkúta.

“Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ wo lèyí dá?”

Ó gbà á, ó fi eruku bò ó, ó ń sunkún. Ó pẹ́ kí n tó mọ ẹni tó ń sin.

“Ẹ má sunkún,” mo ní, “ìgbín lásán ni.”