Òkò tí ẹnikẹ́ni kò jù

Mo ti fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ láìṣẹ̀ lónìí o.

Àwa tíṣà ń sáré ìje ní pápá ilé ìwé wa ní Òmù-Àrán. Bí mo ṣe gbéra báyìí, nǹkan bà mí "pá!" lẹ́yìn gìgísẹ̀. Mo ṣubú, mo sì kọjú sí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó dúró lẹ́yìn mi.

"Bùráímọ̀, kí ló dé tó o fi sọ òkò lù mí?"

"Àǹtí, wàláì, n kò ju nǹkan kan!"

Òótọ́ ló sọ. Ní ọsibítù, dókítà ní kí n dojú bolẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi, àtẹ́lẹsẹ̀ mi kò mì rárá. Ó ní iṣan ńlá tó so mọ́ gìgísẹ̀ ti já pátápátá, jíjá rẹ̀ ló bà mí bí òkò, àfi iṣẹ́ abẹ, n kò sì ní lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi nìkan ni mo ń gbé màmá mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀.

Wọ́n di ẹsẹ̀ mi títí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yóò fi pé, mo fi ọ̀pá tiro wọlé. Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wá dùbúlẹ̀ tì mí."

Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà tí mo ti ń tẹ èyí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ni yóò gbé àwa méjèèjì dìde lọ́la?