Jó Tàbí Jò

Jórin-jórin ni wọ́n ń pe àwa tí a ń fi iná so irin pọ̀, orúkọ náà sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jórin ní Dei-Dei, nítòsí ọjà àwọn ohun èlò ìkọ́lé. Géètì ni mo ń ṣe, àti irin ojú fèrèsé, àti tánkì omi. Irin tó nípọn ni gbogbo wọn, o lè gbé iná lé e títí, kò ní bínú. Ìdí nìyẹn tí àyà mi kò fi já nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Jikwoyi, ní nǹkan bí ọdún 2014, pé kí n wá bá òun dí ìsàlẹ̀ mọ́tò òun.

Ìyá wa ló fà á. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lójú ni, wọ́n yọ awọ funfun tó ti bo ojú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kó tó wá sí Àbújá, ohùn ló fi ń dá àwa ọmọ rẹ̀ mọ̀. Dókítà wá kìlọ̀ fún wa gidigidi pé eruku kò gbọdọ̀ kan ojú náà, omi kò sì gbọdọ̀ kàn án, nítorí bí kòkòrò bá wọ ojú ọgbẹ́, ojú lè fọ́ pátápátá. Ọjọ́ Sátidé la máa gbé e padà sí abúlé wa lẹ́yìn Kàbbà, ọ̀nà ibẹ̀ sì kún fún eruku pupa. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi wá ti dípẹtà débi pé bí o bá ká rọ́ọ̀gì ẹ̀yìn sókè, ilẹ̀ lo máa rí. Ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ panẹ́ẹ̀lì bítà. Ẹ̀gbọ́n mi fárígá. Ó ní òun kò lè ní àbúrò tó jẹ́ jórin-jórin kí òun tún máa wá ará ìta kiri.

Mo yá ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, irú èyí tó ń fa wáyà fúnra rẹ̀. Inú wáyà yẹn ni ẹ̀tù tó ń dáàbò bo iná wà, kò nílò gáàsì rárá. N kò lò ó rí. Nígbà tí mo tún fọwọ́ kan irin mọ́tò náà, tí mo rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju agolo mílíìkì lọ, ojora mú mi díẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù sí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tó ti ń tún ara mọ́tò ṣe ní Ìlọrin báyìí. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú ìyá mi, mo sì béèrè ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Èsì rẹ̀ wọlé: “Ma je ko jo o.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, ó yé mi. Má jẹ́ kó jò. Kí ló tún lè jẹ́? Orin tí ọ̀gá ń kọ sí wa létí nìyẹn nígbà tí a bá ń ṣe tánkì omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà wí, kí eruku má rí ihò gbà wọlé. Mo gbé irin pẹlẹbẹ lé ojú ihò náà, mo tẹ iná, mo sì ń fà á lọ láìgbọ́wọ́ sókè, bí a ṣe ń fa ti tánkì.

Irin náà pọ́n, ó rọ̀, ó sì dá lu lójú mi. Mo dí ihò yẹn, méjì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dí méjèèjì, wọ́n di ọ̀kan ńlá. Orí mi dàrú. Mo ní bóyá wáyà ni, mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní bóyá iná ìjọba ni, mo gbé e sí jẹnẹrétọ̀. Bí mo ṣe ń dí i ló ń ṣí, ìsàlẹ̀ mọ́tò náà sì ti kákò bí ìwé tí omi bà. N kò lóye ohun tí mo ṣe tí kò dáa, nítorí gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde sí mi. “Kai! Kí lo fi mọ́tò mi ṣe yìí?”

“Àǹtí, ohun tí ọ̀gá mi ní kí n ṣe ni mo ṣe.”

Mo fi fóònù hàn án. Ó kà á síta: “Máa jẹ́ kó jó o.” Ó wò mí. “Ó ní kí o máa jẹ́ kó jóná ni? Ṣé orí ọ̀gá yín pé?”

Ọkọ rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún jígí ojú rẹ̀ ṣe. “Má jẹ́ kó jó ló wà níbí. Kò rújú rárá.”

“Ẹ̀gbọ́n, jórin-jórin ni mí. Báwo ni wọ́n ṣe máa ní kí n má jẹ́ kó jó?”

Ìyá wa jókòó sí fàráńdà pẹ̀lú jígí dúdú lójú. “Ta ló fẹ́ jó?” ló bi wá. “Ijó kí ni, nígbà tí ẹ ò tíì tún mọ́tò ṣe tán?”

Ẹ̀rín pa àwọn yòókù. Èmi ò rí ti ẹ̀rín rò. Ọjọ́ Jímọ̀ ti dé, ihò náà sì ti tóbi ju bí mo ṣe bá a lọ. Ẹ̀rù wá bà mí gidi. Mo pe ọ̀gá mi léraléra títí nẹ́tíwọ̀kì fi gbà.

“Jó ni mo wí! Má jẹ́ kó jó lu! Fi iná tọ́ ọ, kí o gbọ́wọ́ kúrò kíá. Bọ́ sí apá ibòmíràn, jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tutù kí o tó padà síbẹ̀.”

“Ọ̀gá, àlàfo máa wà láàárín. Á máa jò.”

“Kó jò ná! Sílà ni wọ́n fi ń dí ìyẹn.”

Ọkùnrin tí kì í gbà kí tánkì jò rárá ló ní kó jò ná. N kò bá a jiyàn. Mo gé gbogbo ibi tó bàjẹ́ kúrò, mo gbé irin tó fẹ̀ síbẹ̀, mo sì ń tọ́ ọ ní tó-tó-tó. Mo ń ha ìdàrọ́ rẹ̀ kúrò, mo ń dúró kó tutù. Ó rí pálapàla, àmọ́ kò dá lu mọ́. Mo fi sílà kun gbogbo àlàfo rẹ̀. Bó ti ń mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a máa lọ bẹ́ẹ̀.

Èmi àti ìyá wa la jókòó sẹ́yìn. Mo ká rọ́ọ̀gì kúrò kí n lè máa ṣọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Títí a fi kọjá Lọ́kọ́ja n kò gbé ojú kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a bọ́ sí ọ̀nà eléruku, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ojú mi tàn mí jẹ lọ́pọ̀ ìgbà pé eruku ti ń wọlé, mo á fi ìka nu ún, n kò ní rí nǹkan kan.

Ìyá wa fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ti bọ́ jígí dúdú náà sọ́wọ́. Mo ní kó jọ̀wọ́ wọ̀ ọ́ padà.

“Kò sí eruku níbí,” ló wí. “Gbé ojú sókè jàre. Látàárọ̀, àtàrí rẹ nìkan ni mo ń rí.”

Mo gbé ojú sókè. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí mi síhìn-ín, ó yí mi sọ́hùn-ún.

“Ọkọ mi,” ló wí, “ìgbà wo ni irùngbọ̀n rẹ hu ewú?”

Mo fọwọ́ pa á wò. N kò mọ ìgbà tó jẹ́.