Bàbá Má-fọwọ́-kàn-án àti Ìlù Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà

Ọjọ́ tí Bàbá Má-fọwọ́-kàn-án wó ògiri ilé ara rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé ládùúgbò. Ìlù àfọwọ́lù ńlá kan ló ń gbẹ́ nínú yàrá, èyí tó ga dé àyà ènìyàn. Ẹ̀rù olè bà á, ló bá ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn àtijọ́, kí wọ́n fi onírin tóóró rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ìlù parí, olè kò lè gbé e jáde lóòótọ́. Òun náà kò lè gbé e jáde.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó kúkú gé ara igi náà díẹ̀. Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó gé etí ọmọ rẹ̀.

"Ògiri la máa wó," ó ní. "Ògiri ò ní ohùn tó lè bàjẹ́."

Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló kó àfọ́kù bíríkì dànù. Ó rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún.

Awọ ló fa orúkọ ìnagijẹ yẹn. Bí Bàbá bá ti rẹ awọ ewúrẹ́ sómi, tó fá irun rẹ̀, tó fi okùn fà á bo ẹnu ìlù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ. Lọ́jọ́ kan tí òjò dé lójijì, ó já agbòjò gbà lọ́wọ́ àna rẹ̀ tó wá kí i, ó fi bo ìlù. Ó ní àna á gbẹ bó bá yá.

Tíṣà kan wá ra ìlù. Bàbá ní kó lù ú kí òun gbọ́. Tíṣà gbá a pàù-pàù. Kíá ni Bàbá gba ìlù padà, ó ní ẹ̀fọn ni Tíṣà ń pa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ mú ohùn ìsàlẹ̀ láàárín awọ, tí wọ́n ń fi ìka mú ohùn òkè létí rẹ̀, kó tó tà á fún un. Tíṣà tún padà wá lọ́jọ́ kẹrin láti kọ́ sí i.

Nígbà tí Bàbá papò dà, ó fi ìlù kan sílẹ̀ tí kò tíì ní awọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọbìnrin fi ń rìn yí i ká, ẹ̀rù ń bà á kí òun má lọ bà á jẹ́. Nígbà tó yá, ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, ó rẹ awọ, ó fà á bo ẹnu ìlù. Awọ gbẹ. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ohùn kún gbogbo àgbàlá.

Káfíńtà tó wà lẹ́yìn ọgbà ti ń bá Bàbá jiyàn lórí ohùn ìlù fún ogún ọdún. Ó gbóhùn sókè bó ti máa ń ṣe: "Bàbá, ó ṣì rọ̀ díẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni ayùn rẹ̀ dákẹ́.

Ọmọbìnrin nu ojú, ó tún di okùn mú.

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n," ó dáhùn. "Mo ṣì ń fà á."