Ọjọ́ tí a lóṣòó ti ìjọba

Ọdún tí owó ọkọ̀ láti Mowe sí Berger fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú ń fẹsẹ̀ rìn láti etí márosẹ̀ wọlé, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ aránṣọ máa ń bi mí pé kí ló dé tí àwa àgbà kì í tẹ̀ka sí ìwé ìjọba láìjẹ́ pé wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún wa. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ fún yín.

Inú ìpọ́njú ọdún yẹn ni wọ́n gbé ètò kan dé tí wọ́n ń pè ní Gbémiró. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ fi lé òṣì kúrò ní agbègbè wa, láti Magboro dé Mowe, títí dé Ifo. Nígbà tí ìdìbò ku díẹ̀, wọ́n pè wá sí pápá kan ní Ibafo, ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tò lọ bẹẹrẹ. Ọ̀gá ètò náà, ọkùnrin kan tó máa ń nu awò ojú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, gba gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ìrànwọ́ ni o! Ìjọba ń ràn yín lọ́wọ́ ni!" A jó, a kúnlẹ̀, a tẹ̀ka sí ìwé wọn, a gbé ẹ̀rọ relé. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ní Iwo, ohun tí wọ́n bá fi ran ènìyàn lọ́wọ́, wọn kì í padà wá gbà á.

Ìdìbò kọjá. Kò pẹ́ rárá tí àwọn géńdé fi ya wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Mowe láàárọ̀, wọ́n ń kó ẹ̀rọ. Wọ́n ní ẹ̀yáwó ló wà nínú ìwé tí a tẹ̀ka sí, a ò sì san án. Wọ́n gbé tèmi tòun ti aṣọ ìyàwó tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo bú wọn, mo di ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mú títí wọ́n fi já ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ mi àti bàbá wọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀. Ìròyìn sì kàn wá pé ti àwọn ará Ifo tí wọ́n kọ́kọ́ kó, wọ́n ti lù ú ní gbàǹjo. Tiwa wà nínú ọgbà wọn ní Ibafo. Ọjọ́ kejì ni wọn yóò kó o lọ tà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní ká lọ fọ́ wíńdò ọ́fíìsì wọn. Ẹ mọ̀ mí, ara mi kì í gba ìwọ̀sí. Àgbà wa, Màmá Ileṣa, tó ti ń ránṣọ ní Mowe nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, mi orí.

"Òkúta wo lo fẹ́ jù, Àbẹ̀kẹ́? Wọ́n á ní jàǹdùkú ni wá, wọ́n á tì wá mọ́lé, wọ́n á sì tún ta ẹ̀rọ."

"Kí wá ni ká ṣe, Màmá?"

"Bàbá mi ta aṣọ àwìn. Bí onígbèsè bá ń sá fún un, ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún ló ń lọ lóṣòó sí. Kò ní bú u, kò ní nà án, kò ṣáà ní dìde. Ìdí tí wọ́n fi ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n àwa ni wọ́n pè ní onígbèsè o, Màmá!"

"Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lóṣòó dí ẹnu géètì wọn. Wọ́n ti di ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọlọ́pàá kan jágbe mọ́ wa.

"Màdáámù, ẹ ò gbọ́dọ̀ jókòó dí róòdù!"

"Ta ló jókòó, ọmọ mi?" ni Màmá dáhùn. "A lóṣòó ni."

Ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n máa wa ọkọ̀ bọ̀. Ẹ́ńjìnnì bú. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo tẹjú mọ́ táyà rẹ̀, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ó wù mí kí n dìde sá. Màmá ló wà níwájú, kò tilẹ̀ wo ọkọ̀ náà. Ó kù díẹ̀ kí bọ́ńpà kan gèlè rẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà pa iná ọkọ̀, tó bọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò lè tẹ ìyá oníyàá pa. Kọ́kọ́rọ́ yín rèé."

Ọ̀gá alára wá jáde, ó ń nu awò ojú rẹ̀. "Màmá, onígbèsè ni wọ́n ń lóṣòó tì. Kí la jẹ yín?"

"Ọ̀rọ̀ lẹ jẹ wá."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ìrànwọ́."

"Ìrànwọ́ ni mo wí lóòótọ́, mi ò sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yáwó náà, ìrànwọ́ ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gba gbohùngbohùn yín, kẹ́ ẹ wí i kí gbogbo Ibafo gbọ́: ọjọ́ tí ẹ ń wá ìbò wa, ẹ̀yáwó lẹ gbé fún wa."

Èrò ti pé. Àwọn ọlọ́kadà ti dúró, fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ọkùnrin náà tún bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ẹyin lohùn, tirẹ̀ ti fọ́ ní pápá lọ́jọ́ tó ní ìrànwọ́ ni. Oòrùn kan àtàrí kó tó ní kí wọ́n máa já ẹ̀rọ sílẹ̀. Mo rí tèmi, aṣọ ìyàwó ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí a ní ká máa lọ, Màmá kò lè dìde. Àwa la gbé e relé, ọ̀pá ló sì fi ń rìn títí ó fi kú. Òṣì tí wọ́n ní àwọn fẹ́ lé, ẹ̀yin náà ń rí i. A gba ẹ̀rọ tiwa, ṣùgbọ́n ti Ifo lọ ráúráú. Rísì, ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ló ti ń ránṣọ títí dòní. Bó bá wá kí mi, á kọ́kọ́ fọwọ́ pa ẹ̀rọ mi lára kó tó jókòó.

Mo gbọ́ pé wọ́n tún ń bọ̀ ní pápá, wọ́n ti yí orúkọ ètò náà padà. Ẹ lọ o, nítorí ebi ń pa yín. Ṣùgbọ́n kí ìka yín tó kan ìwé, ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ ìrànwọ́ lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì sọ ìgbà tí Rísì yóò gba ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá pè mí. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ mo ṣì lè lóṣòó.