Ikọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Bàbá mi kì í kan ilẹ̀kùn. Bó bá ti oko dé, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà, ìkejì á rọra kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ará ilé lè mọ̀ pé baálé ti dé. Ìyá mi á dáhùn láti ilé ìdáná. Ohun tí mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú ní Ìlúpéjú nìyẹn, kì í ṣe aago.

Bàbá ti di ará ọ̀run báyìí. Fọ́tò rẹ̀ kún ilé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí bí a bá pè é lórí fóònù, "Mo gbọ́" ni yóò fi pariwo, á sì pa á. Mo rántí ojú rẹ̀, mo rántí èékánná rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni mi ò rí mú mọ́. Ó ń dùn mí, ó sì ń bí mi nínú, torí iṣẹ́ mi ni: èmi ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì l'Ọ̀yẹ́ nípa bí ọkàn ẹ̀dá ṣe ń ronú, tó sì ń rántí. Ọmọbìnrin kan bi mí ní kíláàsì ìdí tí ohùn òkú fi máa ń tètè kúrò lọ́kàn ẹni. Mo ṣàlàyé dáadáa, ó sì dúpẹ́. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkùnrin kan wà tí ikọ́ rẹ̀ fẹ́ jọ ti bàbá mi. Mo fi ibi tí mo ti ń jókòó tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, mo lọ jókòó síwájú rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀, mo ti ń retí kí ọ̀fun yún un nìyẹn. Nígbà tí ara rẹ̀ wá yá, gbogbo ìjọ bá a dúpẹ́. Ọpẹ́ tèmi ò dénú.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú mi. Mo gun ọ̀kadà láti Ọ̀yẹ́ lọ kí ìyá mi ní Sátidé, eruku sì wọ̀ mí lọ́fun. Mi ò tíì kí ará ilé tí ikọ́ fi gbé mi lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ kú àbọ̀ o," ìyá mi dáhùn láti ilé ìdáná. "Omi uwẹ̀ ti gbóná."

Láyé mi, ìyá mi ò kí mi báyẹn rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni ìkíni yẹn.

Ó yọ jáde pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, ó rí mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa. Mo ti rò pé èmi nìkan ni òùngbẹ yìí ń gbẹ. Ó dúró, ó ń wo ọ̀fun mi.

"Tún wú u," ló wí.

Mo wú u lẹ́ẹ̀mejì, mo tilẹ̀ dín ìkejì kù. Ikọ́ ọlọ́fìnkìn lásán ló jáde. Ìyá mi mi orí.

"Mọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," ó ní. "Á tún wá fúnra rẹ̀."

Ọ̀fìnkìn náà ti lọ tipẹ́. Ní Sátidé, bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, mo máa ń dúró díẹ̀, tí mò ń gbìyànjú kí n má rántí nǹkan kan. Ìyá mi á ti dáwọ́ ohun tó ń ṣe nínú ilé ìdáná dúró. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe dákẹ́.