Ẹ̀gún Àlàájì Abdulrafiu

Ọjọ́ kẹtàlélógún tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí Mẹ́kà ni Ìdírísì gun òkè tí bàbá náà ti ń gbin igi. Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1996 ni. Láti Al-Mahjar ní Jẹ́dà, níbi tó ti ń jó irin, ló ti wọkọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Kò jẹun.

Òkè yẹn ti pá tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé igi rẹ̀ dáná, ẹran jẹ ìyókù. Ìgbà tí ìjọba ní kí wọ́n dá a sí, àwọn ará òkè gbà, àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn sì ń ti ìsàlẹ̀ wá gbin igi tí wọ́n ń pè ní araar padà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Àlàájì Abdulrafiu, bàbá Ìdírísì, fi ń bọ̀ láti An-Nakkasah ní Mẹ́kà, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Ogójì igi ló gbìn. Bó bá ti gbin ọ̀kan, á gé ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún, á fi yí i ká. Àwọn darandaran ti ṣèlérí pé ẹran àwọn ò ní débẹ̀. Àlàájì á ní, "Ta ló bá ewúrẹ́ ṣàdéhùn?"

Ìdírísì dókè, kò rí ọgbà ẹ̀gún. Èéfín ló rí. Igi mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti di kùkùté. Ikú mú bàbá lọ, ewúrẹ́ jẹ èyí tó fi sílẹ̀.

Bilal ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà, tó ti jẹun nílé Àlàájì láìmọye ìgbà.

"Ìdírísì, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Bùọ̀dá Bilal, ta ló kó ẹ̀gún?"

"Àwa ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la ti bẹ̀rẹ̀. Nawaf ní ìdọ̀tí ni, àlejò ń bọ̀ wá wo ibí lónìí. A rò pé igi ìdáná lásán ni."

"Ẹ rò! Ní Ìwó tiyín, ẹ ò rí ẹni tó fẹ̀gún sọgbà rí? Èmi tí wọ́n bí síhìn-ín mọ̀ ọ́n!"

"Mo rí i. Mi ò ronú ni."

Nawaf, olórí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti Obhur ní Jẹ́dà, gbé àwo ẹran dé. Ó sọ ọ́ ní Lárúbáwá pé, "Wá jẹun, arákùnrin. A ó kọ orúkọ bàbá rẹ sára òkúta."

"Ewúrẹ́ á kà á, àbí?"

Nawaf rẹ́rìn-ín. Ìdírísì gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ó dà á sórí iná, àtẹran àteérú. Ariwo sọ. Kò wẹ̀yìn. Ó ń fọwọ́ lásán fa ẹ̀gún tí kò tíì jó jáde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn.

"Àwọn àlejò ti fẹ́ dé!" ni Nawaf pariwo.

"Kí wọ́n mú àáké wá."

Àwọn kan bínú, wọ́n wọ mọ́tò wọn lọ. Nawaf ò bá wọn lọ, ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹ̀ka. Títí di ìrọ̀lẹ́, igi mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá tó kù ti lọ́gbà. Ewúrẹ́ ti ń ké nísàlẹ̀.

"Ìdírísì, jọ̀ọ́, foríjì mí," ni Bilal wí.

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ gé ẹ̀gún. Ó ku igi méjì."