Mo Ná Káàdì Kọ̀ǹpútà bí Ẹni Ń Ná Ẹ̀gúsí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀ kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín. Kì í ṣe ìtàn akọni o. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí ọjà fojú rẹ̀ gbolẹ̀ ni, èmi sì ni àgbàlagbà náà.

Ẹ̀gúsí ni mò ń tà ní Igbó-Ọrà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Mò ń gbìn ín, mò ń rà lọ́wọ́ àwọn tó gbìn ín, mo sì ń tà fún àwọn tó ń wá láti Ìbàdàn àti Èkó. Tí mo bá ki ọwọ́ bọ àpò, mo ti mọ̀ bóyá ó gbẹ tàbí kò gbẹ. Tí mo bá wo ojú oníbàárà, mo ti mọ iye tó fẹ́ san kó tó lanu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu. Ohun tó kó bá mi gan-an nìyẹn.

Ràfíátù ni àbíkẹ́yìn mi. Ó kàwé ní Èrúwà, nígbà tó sì parí, kò fẹ́ lọ Èkó bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan sí Èrúwà níbẹ̀, ó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé. Kì í ṣe àwòrán orí ìwé tí àwa mọ̀ o. Ilé tí wọn ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni yóò yà, tí ẹ ó máa rí oòrùn lára ògiri, tí ẹ ó máa rìn nínú pálọ̀ bí ẹni pé ẹ ti ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ Ìbàràpá tó wà lókè òkun, tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sílé, ni oníbàárà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ilé tí kò sí ni Ràfíátù ń tà. Mo ní kó yé sọ bẹ́ẹ̀, kí ọlọ́pàá má lọ gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, iná tó ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣàdédé dé, ó sì wọlé pẹ̀lú agbára. Kọ̀ǹpútà náà kò kú, ṣùgbọ́n ohun kan jóná nínú rẹ̀. Gíráfíìsì káàdì ni wọ́n ń pè é.

Mo ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ràfíátù ní òun ló ń ya àwòrán nínú kọ̀ǹpútà, pé láìsí i, iṣẹ́ wákàtí kan á di iṣẹ́ ọjọ́ méjì, á sì tún há sójú ọ̀nà. Ó yọ èyí tó jóná fi hàn mí. Ó tó ọpọ́n ayò kékeré, ó ní fáànù méjì lára. Òórùn iná ṣì wà lára ẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò náà. Ọkùnrin ọmọ Èrúwà kan tó wà lókè òkun fẹ́ kọ́ ilé mẹ́wàá sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ní kí Ràfíátù ya gbogbo rẹ̀ kí ààwẹ̀ Ràmàdánì tó wọlé. Tó bá ti dára, Ràfíátù náà ni yóò máa ya gbogbo ilé tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Iṣẹ́ yẹn ni yóò jẹ́ kí ọmọ mi lè dúró sí Èrúwà, nítòsí wa. Tí kò bá rí i ṣe, á ti ṣọ́ọ̀bù pa, á sì wáṣẹ́ lọ síbòmíràn.

Owó káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ó ti rí ọ̀kan nílùú Ìbàdàn, owó tó tò jọ sì ká a gẹ́lẹ́. Kò wá tọrọ owó lọ́wọ́ mi. Àdúrà ló wá gbà kó tó lọ rà á.

Èmi ni mo ní kó dúró.

Mo bi í pé ṣé ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní ó wọ́n gan-an, pé láàárín oṣù díẹ̀ ló fò sókè. Mo ní ṣé tuntun máa ń jáde? Ó ní ó máa ń jáde. Mo ní tí tuntun bá jáde, ṣé ti àtijọ́ kì í rọjú? Ó ní tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ṣé o ò rí i? Iṣu ni. Kò sẹ́ni tó ń ra iṣu lóṣù tí ebi ń pa ayé, àfi ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ti wà lórí iná. Dúró kí tuntun jáde.”

“Bàbá, wọn kì í gbin káàdì.”

“Gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ló ní ìkórè tirẹ̀.”

Ìyá rẹ̀ tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá sí i. Ó ní, “Gbọ́ ti bàbá ẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò ra nǹkan kan lọ́wọ̀n rí. Èmi tí o ń wò yìí gan-an, ó ná mi kó tó gbé mi.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ràfíátù ní ó dáa, òun á dúró. Ṣé ọmọ tó bá gbọ́ ti bàbá rẹ̀ ti ṣe ohun tí kò dáa ni?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó pè mí. “Bàbá, owó ẹ̀ ti lé o.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gúsí ṣe máa ń ṣe tí ìkórè bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, kó fọkàn balẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún lé. Lọ́sẹ̀ kẹta, Ràfíátù kò pè mí mọ́. Ìyá rẹ̀ ló pè, ìyẹn ló wá sọ fún mi. Ó ní tuntun tí à ń retí kò ní í jáde mọ́ nísinsìnyí, pé wọ́n ti sún un síwájú, pé owó ọwọ́ ọmọ náà kò ká ti àtijọ́ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ṣùgbọ́n mo ṣì gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu mi. Mo fi owó díẹ̀ kún ti Ràfíátù, mo wọ aṣọ tó dáa, mo ní ó yá, ká jọ lọ Ìbàdàn. A wọ mọ́tò ní Èrúwà. Jálẹ̀ ọ̀nà ni mò ń kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, ó sì ń dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” bí ẹni tí orí ń fọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì náà ń jẹ́ Ṣọjí. Ó kí mi dáadáa, ó gbé àga fún mi, ó bu omi tútù wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn náà ò sì dáa nínú ọjà.

Mi ò kọ́kọ́ béèrè káàdì. Ẹ kì í jẹ́ kí ọlọ́jà mọ ohun tí ẹ bá wá. Mo bi í ní iye wáyà kan. Mo bi í ní iye àpò tí wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà sí. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó nawọ́ sí káàdì náà bí ẹni tó ṣèèṣì rí i. Mo yí páálí rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Mo ní igun rẹ̀ kan ti tẹ̀.

Ṣọjí ní, “Bàbá, ṣé páálí lẹ fẹ́ fi ya ilé ni?”

Ràfíátù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ná an ní ìdajì iye tó pè. Ṣọjí kò bínú. Ó ní, “Bàbá mi, ká ní mo rí i rà níye yẹn ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù yìí ni mi ò bá fi kún.” Mo ní kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kan lókè òkun ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ronú bí èèyàn. Ohun èlò kan náà tí wọ́n fi ń ṣe káàdì yìí ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ti san owó rẹ̀ sílẹ̀ kó tó jáde. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ọ̀rọ̀ dọ́là tún wá wà lórí ìyẹn.

Ohun tó sọ yé mi yékéyéké. Àwọn kan wà lọ́dọ̀ wa náà tí wọ́n ń wá ra ẹ̀gúsí lóko nígbà tó ṣì ń yọ òdòdó. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ àwọn yẹn. Mo mọ ilé wọn. Tí wọ́n bá ṣe é jù, èèyàn lè lọ ká wọn mọ́lé láàárọ̀.

Mo ní, “Ta ni olórí wọn? Ṣé kò sẹ́ni tí èèyàn lè lọ bá sọ̀rọ̀ ni?”

Ó ní, “Bàbá, èmi náà ò rí wọn rí.”

Mo wá lo èyí tó kẹ́yìn nínú ọgbọ́n mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń nájà lọ́dọ̀ wa mọ̀ ọ́n. Tí ọlọ́jà bá le, ẹ ó dìde, ẹ ó ní ó dàbọ̀, ẹ ó máa lọ. Ẹ ò ní yára, ẹ ò sì ní wẹ̀yìn. Kí ẹ tó gbé ìṣísẹ̀ méje, á ní, “Bàbá, ẹ wá, ẹ mówó wá.” Mo ti fi ọgbọ́n yẹn ra màlúù. Mo fi ra ilẹ̀ tí ilé mi wà lórí rẹ̀.

Mo di Ràfíátù lọ́wọ́ mú, a jáde. Mo ka ìṣísẹ̀ méje. Mo ka mẹ́rìnlá. A sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, a dé ibi tí obìnrin kan ti ń ta ẹ̀pà sísun.

“Bàbá, kò pè wá.”

“Á pè.”

“Ẹ jẹ́ ká padà, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Tí a bá fẹsẹ̀ ara wa padà, á mọ̀ pé ọ̀ranyàn ni. Ra ẹ̀pà.”

Ó ra ẹ̀pà. Kò jẹ ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ibẹ̀ la dúró sí tí ọmọbìnrin kan fi kọjá lára wa, ó gòkè. Kí ẹ̀pà ọwọ́ mi tó tán, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó gbé páálí kan sábíyá. Igun páálí náà kan ti tẹ̀.

Ràfíátù tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

Nígbà tí a padà gòkè, Ṣọjí dìde. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ìyẹn ló kẹ́yìn.” Ó ní ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ ná an, ó fi fóònù sanwó lórí ìdúró. Mo bi í, bí ẹni tó fẹ́ sunkún ni mo sì ṣe bi í, pé kí ló dé tí kò pè mí padà? Ó ní, “Mo rò pé ẹ ò fẹ́ ẹ ni. Bàbá, kí n má purọ́ fún yín, tí mi ò bá tà á lónìí, màá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́la.”

Mo ti ń tajà láti ìgbà tí mo ti ń ṣe ọ̀dọ́. Mi ò rí ọlọ́jà tí kò bẹ̀rù kí ọjà sùn sí i lọ́wọ́ rí. Kí ni ẹnu mi fẹ́ ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Orí ọmọ wọ́, ẹ̀yìn mi ló sì wà.

Nígbà tí òmíràn fi dé ọwọ́ Ṣọjí, iye tó pè kì í ṣe ohun tí a lè fẹnu bà. Mo ní kò burú, màá ta ẹ̀gúsí mi. Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan rẹ̀. Ìkórè tí mo sọ pé yóò dé, ó dé lóòótọ́. Orí ẹ̀gúsí tèmi ló dé sí. Gbogbo oko Ìbàràpá ló mú un jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kadà ń kó àpò wọlé láti abúlé lójoojúmọ́, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Oníbàárà kan wá láti Èkó. Ó ná an ní ìdajì iye tí mo pè. Mo ní rárá. Ó ní ó dàbọ̀, ó kọjú sọ́nà. Kò yára, kò sì wẹ̀yìn.

Ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin kí n tó pè é padà.

Owó náà kò ká káàdì síbẹ̀síbẹ̀. Ààwẹ̀ wọlé. Ọkùnrin òkè òkun yẹn fi ọ̀rọ̀ tó dáa ránṣẹ́, kò bú ọmọ mi, ó ní òun ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹnì kan l'Ékòó. Ràfíátù ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ìbàdàn ló wà báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tó tètè ra káàdì mẹ́rin nígbà tí nǹkan ṣì rọ̀.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, Bàbá. Tí ìkórè káàdì bá dé, ẹ pè mí.” Mi ò mọ̀ bóyá ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni tàbí ó fi ń tù mí nínú. Kò wo ojú mi.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Mo ti rò ó títí. Ọgbọ́n ọjà kan kì í ṣe ọgbọ́n gbogbo ọjà, ìyẹn dá mi lójú. Tí ọmọ yín bá sì wá gbàdúrà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣàdúrà fún un. Ìkòkò Ràfíátù ti wà lórí iná lọ́jọ́ tó wá bá mi, iye iṣu ni mo jókòó tì. Ohun tó kù, ọwọ́ mi ò tó o.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti kúrò níwájú ọlọ́jà rí, tó ń retí ohùn lẹ́yìn rẹ̀, tí kò gbọ́? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú mi ṣì ríran.

Ṣọjí máa ń fi iye káàdì ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ọjọ́ Ajé, nítorí pé mo bẹ̀ ẹ́. Mò ń wò ó bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lórí ìṣó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgò tí mo fi ń wọn ẹ̀gúsí.

Ti ọ̀sẹ̀ yìí tún lé.